Ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé láti àkọ́rọ̀ títí dé ọyẹ́: kí ni kí n máa gbìn, nígbà wo?

Ìyá Ìbejì (Ilé-Ifẹ̀)

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ọ̀rẹ́ tí ẹ wà níbí. Ìbéèrè tí mo gbé wá gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Apá ọ̀nà Ìbàdàn ni a ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀. Ilé tí a kó wọ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ní ẹ̀yìnkùlé tí ó gùn tó ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ó sì fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Igi ọsàn kan àti igi obì kan wà ní ìkangun rẹ̀ lápá ibi tí oòrùn ti ń wọ̀, ibòòji wọn sì gba ìdá mẹ́ta ilẹ̀ náà, tí n kò fi rí nǹkan kan gbìn sí abẹ́ wọn. Kànga wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ṣùgbọ́n bí ó bá ti di oṣù Èrèlé, erùpẹ̀ ni korobá máa ń bù bọ̀ wá sókè. Olùkọ́ ni mí, aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo sì ń délé, nítorí náà òwúrọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni mo ní fún ọgbà.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí n má máa fi owó ra ẹ̀fọ́ mọ́, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún àkọ́kọ́, nǹkan lọ geere láti oṣù Igbe títí di Agẹmọ. Tẹ̀tẹ̀ hù, ṣọkọ hù, a jẹ, a sì fún àwọn ará ilé kejì, débi pé mo fọ́nnu fún ọkọ mi pé n kò ní ná kọ́bọ̀ lórí ẹ̀fọ́ mọ́ ní ọjà Odò-Ògbè. Láti ìgbà tí mo ti fọ́nnu yẹn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún kejì, ṣọkọ tí mo gbìn sí ojú ibi tí ti àkọ́kọ́ wà kò ga kọjá orúnkún ọmọdé. Ó ń pọ́n, ó sì ń rọ lọ́sàn-án bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ tán ni. Nígbà tí mo fà á tu, gbòǹgbò rẹ̀ kún fún kókó kéékèèké. Tẹ̀tẹ̀ ní tirẹ̀ rà láti orí wá sí ìsàlẹ̀ nínú oṣù Òkúdù, mo sì rí nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ bí irun lójú ibi tí ó ti rà. Mo gbin ewédú nínú oṣù Bélú, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sì tíì ga tó ìbú ọwọ́ kan tí ó fi yọ òdòdó, tí ó so, tí ó sì parí ayé rẹ̀. Nínú tòmátì mẹ́wàá tí mo gbìn ní oṣù Ẹ̀bìbí, mẹ́jọ kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ewé tútù lórí.

Aládùúgbò mi kan sọ pé ilẹ̀ náà ti gbó, pé kí n ra fàtílásà dà sí i. Òmíràn ní kí n ra oògùn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbé e láti fín oògùn sí ohun tí àwọn ọmọ mi yóò jẹ ní ọ̀túnla. Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe lóòótọ́ kí ènìyàn máa já ẹ̀fọ́ nínú ọgbà ilé láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ ní agbègbè wa yìí? Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ni kí n máa gbìn, nígbà wo, sí apá ibo nínú ọgbà náà?

Bàbá Olùkọ́ (Iléṣà)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ọgbà tí ó wà lẹ́yìn ilé mi ní ọ̀nà Àkúrẹ́ ni mo sì ń bá ṣeré báyìí. Ọmọ Òṣómàáló ni mí. Bí ilẹ̀ bá jẹ mí ní gbèsè, ṣe ni mo máa ń lóṣòó tì í títí yóò fi san án. Kò sí èyí tí ojú mi kò tíì rí nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa já ẹ̀fọ́ láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ ẹ̀fọ́ kan náà, kò sì lè jẹ́ láti ojú ilẹ̀ kan náà. Ẹ mú ohun tí ó ṣe dáadáa ní oṣù Igbe, ẹ sì ní kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Bélú. Bí a bá yọ ti tòmátì sẹ́yìn, èyí tí n óò fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, orí ibẹ̀ yẹn ni ìṣòro yín dá lé.

Òjò ilẹ̀ wa lé ní 1,200 mílímítà lọ́dún, ọ̀nà méjì ni ó sì pín sí. Àkọ́rọ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ ní Ẹrẹ́nà, òjò a le ní Òkúdù àti Agẹmọ, a dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Ògún, a sì tún padà ní Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà kí àrọ̀kúrò tó rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ Bélú. Láti ìgbà náà títí di Ẹrẹ́nà mìíràn, omi ọwọ́ yín ni òjò yín. Ẹ má sì jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ tàn yín jẹ. Mo ti rí ọdún tí òjò ńlá kan rọ̀ ní ìparí Èrèlé, tí gbogbo àdúgbò fọ́n irúgbìn, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì kọjá láìsí ẹ̀kán omi kan. Èyí tí ó hù gbẹ, èyí tí kò hù di oúnjẹ èèrà. Ní tèmi, bí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, tí mo ti ìka bọ ilẹ̀ tí mo sì bá a tí ó tutù títí dé ibi tí ìka náà pin sí, ìgbà náà ni mo tó ń fọ́n tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, tí mo sì ń gbin ilá.

Ọ̀rọ̀ ewédú yín ni ó rọrùn jù láti ṣàlàyé, nítorí pé ewédú a máa ka iye wákàtí tí ojúmọ́ fi wà. Nígbà tí ojúmọ́ bá ń gùn sí i, láti Ẹrẹ́nà dé Òkúdù, ewé ni yóò gbájú mọ́. Bí ojúmọ́ bá ti ń kúrú lọ ní Ọ̀wàrà àti Bélú, yóò sáré yọ òdòdó kí ó lè fi irúgbìn sílẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó pa á, kò sì sí iye omi tí ẹ lè bù sí i tí yóò yí i lọ́kàn padà. Ìyàtọ̀ ojúmọ́ tí ó gùn jù àti èyí tí ó kúrú jù ní ìlú wa kò tó wákàtí kan, síbẹ̀ ewédú mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, láti Ẹrẹ́nà títí dé Agẹmọ ni kí ẹ máa fọ́n ọn. Irúgbìn rẹ̀ ní èèpo líle. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè ka ení èjì dé ẹ̀wá, kí ẹ yọ ọ́ bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sá a kí ó gbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sínú omi gbígbóná náà, ẹ ti sè é nìyẹn.

Kókó tí ẹ rí ní gbòǹgbò ṣọkọ kò fi hàn pé ilẹ̀ gbó. Aràn wẹ́wẹ́ kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó wọ inú gbòǹgbò, tí ó fi ibẹ̀ ṣe ilé, tí gbòǹgbò náà kò sì lè fa omi bí ó ti yẹ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ewé fi ń rọ lọ́sàn-án bí ilẹ̀ tilẹ̀ tutù. Fàtílásà kò ní pa á. Ó fẹ́ràn ṣọkọ, ewédú, ilá àti tòmátì gidigidi, ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ a máa fara dà á jù wọ́n lọ. Ẹ fa gbogbo ṣọkọ ibẹ̀ tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí ẹ sun ún. Ẹ má ṣe jù ú sí ààtàn, nítorí ẹ óò tún kó aràn náà padà sínú ọgbà ni. Ní Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlé tí oòrùn mú, ẹ ro ojú ibẹ̀, ẹ rin ín gbingbin lẹ́ẹ̀kan, ẹ ta ọ̀rá funfun tí ènìyàn lè rí òdìkejì rẹ̀ bò ó, kí ẹ fi erùpẹ̀ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ooru tí yóò mú lábẹ́ ọ̀rá náà yóò pa púpọ̀ nínú aràn náà, yóò sì pa irúgbìn koríko mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ gbìn síbẹ̀, kí ṣọkọ wá sí apá mìíràn fún ọdún méjì ó kéré tán.

Tẹ̀tẹ̀ tí ó rà ní Òkúdù, àrùn ni, irú èyí tí ń mú kí nǹkan bu, òjò àti ìfúnpọ̀ ni ó sì ń gbé e rìn. Ẹ fọ́n ọn pọ̀ jù ni. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ọwọ́ yín má baà wúwo. Ẹ mọ ebè gíga fún ìgbà òjò, kí ó fẹ̀ tó mítà kan péré, kí ọwọ́ yín lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìtẹ̀ ẹ́.

Wàyí o, ibi tí inú mi ti dùn jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni abẹ́ igi obì tí ẹ ń ráhùn lé lórí. Ilé wọ́rọ́wọ́ nìyẹn! Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ẹni tí ń gbin wọ́rọ́wọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Inú oko kòkó ni àwọn ìyá wa ti ń já a bọ̀ nírọ̀lẹ́, tí wọn a dì í mọ́ igi ìdáná lórí, nítorí pé abẹ́ kòkó àti abẹ́ obì ni ó ti máa ń fà káàkiri, tí ó sì ń gun ohunkóhun tí ó bá bá pàdé. Àwọn oko náà ti di ilé báyìí, owó gidi ni a sì fi ń rà á ní ọjà Atákúnmọ́sà. Kò fẹ́ oòrùn gangan. Bí ẹ bá gbìn ín sí gbangba, ewé rẹ̀ yóò kéré, yóò sì pọ́n. Bí ẹ bá gbìn ín sí ibòòji tí ewé jíjẹrà pọ̀ sí, ewé rẹ̀ yóò fẹ̀, yóò sì rọ̀, kò sì sí ẹ̀fọ́ tí mo mọ̀ tí ó bá iyán mu tó o. Ẹ fi ọ̀pá gbọọrọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti igi náà kí ó lè rí ohun gùn. Ọdún kẹfà nìyí tí èmi ti gbin tèmi, n kò sì tíì tún un gbìn.

Ẹ ri ewúro mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọgbà, kí ẹ sì jẹ́ kí gbúre gba ibi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn gbà. Ẹ̀fọ́ igbá náà dára. Bí ẹ bá gbin ọmọ rẹ̀ ní Igbe, tí ẹ ń gé orí rẹ̀ jẹ, yóò máa rúwé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní ti ajílẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ tó, ṣùgbọ́n ẹ kó o jọ sí ibi kan, ẹ máa yí i padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà títí kò fi ní gbóná mọ́, nítorí tútù rẹ̀ a máa jó gbòǹgbò. Ẹ má sì ṣe po eérú ilé ìdáná mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì wúlò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, òórùn kan yóò ta sókè gọ̀ọ́. Oúnjẹ ewé ni ó ń fò lọ yẹn. Ẹ da ìgbẹ́ adìẹ lónìí, kí ẹ da eérú ní oṣù tí ń bọ̀.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ Àkùrọ̀ (Ilé-Ifẹ̀)

Bàbá, ẹ kú àlàyé, ẹ óò pẹ́ fún wa. Bí ẹ bá gbà mí láyè, ibi kan wà tí èmi kò ti fara mọ́ ohun tí ẹ sọ, nítorí pé ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Àkùrọ̀ ni mo ń dá ní etí omi, èmi àti àwọn obìnrin mélòó kan, láti ìgbà tí òjò bá ti dá títí àkọ́rọ̀ yóò fi lé wa kúrò níbẹ̀.

A máa ń gbin ewédú ní ẹ̀ẹ̀rùn. Òótọ́ ni pé yóò yára yọ òdòdó, ṣùgbọ́n a kì í dúró dè é. Fífọ́n ni a máa ń fọ́n ọn kí ó pọ̀ pìtìmù, nígbà tí ó bá sì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí òdòdó kò tíì hàn, a ó fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, a ó dì í ní ìdì, a ó sì fọ́n òmíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ewédú ẹ̀ẹ̀rùn máa rúwé kí òun máa já a ni yóò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ Ìyá Ìbejì, tẹ̀tẹ̀ ni n óò gbára lé láti Bélú dé Èrèlé, torí tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́: oòrùn kò bà á lẹ́rù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni ó fi ń tó jẹ, kò sì ní àkókò láti rà bí ó ti ń rà ní ìgbà òjò. Ẹ má fọ́n gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o. Ẹ fọ́n èyí tí ó tó ilé yín jẹ, kí ẹ fọ́n òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹ ti ń fa ọ̀kan tu ni òmíràn ń dàgbà.

Omi ni gbogbo rẹ̀. Ebè tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó gùn ní mítà mẹ́ta, yóò mu tó lítà ogún omi lójúmọ́ nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ìyẹn korobá ńlá kan. Bí kànga yín kò bá lè fún yín ju korobá méjì lọ lẹ́yìn tí ẹ ti fọṣọ tí ẹ ti dáná, ebè méjì ni kí ẹ ní, ẹ má ṣe dá mẹ́fà kí ẹ wá fi òùngbẹ pa wọ́n. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà, omi tí ẹ fi fọ ẹ̀fọ́, ẹ má dà á nù. Ohun kan tún wà tí àwọn ará ilé kì í mọ̀: ebè gíga tí Bàbá ní kí ẹ mọ, ti ìgbà òjò nìyẹn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń wa ilẹ̀ náà kí ó jìn wọlé díẹ̀ ni, bí àwo pẹrẹsẹ, kí a fi erùpẹ̀ ṣe etí yí i ká, kí omi tí a bá dà sí i má lè ṣàn lọ síbi kankan. Bí ó bá ti hù tán, ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ tẹ́ ìdí rẹ̀, kí oòrùn má baà fa omi náà padà mọ́ yín lọ́wọ́.

Láti Ọ̀pẹ lọ, ẹ óò rí àwọn ọmọ tata dúdú tí wọ́n ń rìn ní agbo. Ẹ má fín nǹkan kan. Ní òwúrọ̀ tí òtútù ọyẹ́ mú, ẹsẹ̀ wọn a máa wúwo, wọn a sì ṣùjọ sórí ewé kan; ẹ gbé korobá olómi ọṣẹ sí abẹ́ ewé náà, kí ẹ gbọ̀n wọ́n sínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kí ẹ tó lọ sí ilé-ìwé. Àwọn ìbejì gan-an yóò fẹ́ràn iṣẹ́ náà.

Bàbá Olùkọ́ (Iléṣà)

Mo gbà fún yín lórí ewédú, ìyá wa. Jíjá ni mo ń rò, n kò ro fífà tu. Ti ebè oníkòtò yẹn, èmi náà yóò dán an wò lọ́dún yìí.

Ọmọ Ọgbà (Mọdákẹ́kẹ́)

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin òbí mi. Tòmátì ni mo mọ̀ díẹ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé ó ti jẹ mí níyà rí ju bí ó ti jẹ Ìyá Ìbejì lọ.

Màmá, kí ẹ tó sọ nǹkan kan nípa èyí tí ó kú, ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí bí òmíràn bá tún rọ lójijì. Ẹ gé igi rẹ̀ ní ìdí, kí ẹ fi ojú gígé náà kan omi tó mọ́ nínú ife tí a lè rí inú rẹ̀, kí ẹ má mì í. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí omi ògì tí ó ń jò wálẹ̀ bí òwú láti ojú ibi tí ẹ gé, àrùn inú ilẹ̀ kan ni, kò sì sí oògùn tí ó ń wò ó sàn. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ tí ó gbóná tí ó sì tutù pọ̀, ìyẹn Ẹ̀bìbí gan-an tí ẹ gbìn ín. Ẹ fà á tu, ẹ sun ún, kí ẹ fọ ọkọ́ àti àdá kí ẹ tó lò wọ́n ní ibòmíràn. Ohun tí ó máa ń kó bá àwọn ènìyàn ni pé wọn a kúrò ní tòmátì, wọn a gbin ata sí ojú ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìdílé kan náà ni tòmátì, ata, ẹ̀fọ́ igbá àti ọ̀dú, àrùn náà sì mọ gbogbo wọn. Ẹ̀fọ́ igbá tí Bàbá ní kí ẹ gbìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e jìnnà sí ibẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ilá tàbí àgbàdo ni kí ẹ fi dípò rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Ní ti àkókò, èmi kì í gbin tòmátì ní àkọ́rọ̀ mọ́. Mo máa ń fọ́n irúgbìn rẹ̀ sínú ike ní àárín oṣù Ògún, lábẹ́ òrùlé tí òjò kò ti lè lù ú. Nígbà tí ó bá ní ewé mẹ́rin sí márùn-ún, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo máa ń ṣí i sí ilẹ̀ ní Ọ̀wẹ́wẹ̀. Òjò Ọ̀wàrà ni yóò tọ́ ọ dàgbà, ìgbà tí òjò bá sì ti ń dá ni yóò máa so, tí àrùn ewé kò fi ní rí omi gùn. Ẹ fi igi ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, kí ẹ ré ewé ìsàlẹ̀ tí ó bá ń kan ilẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ilẹ̀ tí kò ní àrùn lè gbìn ín sínú àpò ìrẹsì tí ó kó erùpẹ̀ láti ibòmíràn sí. Ohun tí mo ń ṣe fún ata rodo nìyẹn, àpò mẹ́fà péré, n kò sì ra ata láti ọdún tí ó kọjá.

Ẹ tún máa wo ewé tòmátì yín dáadáa bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé. Kòkòrò kan wà tí ọmọ rẹ̀ máa ń jẹ àárín ewé títí yóò fi dà bí ọ̀rá funfun, tí yóò sì lu èso ní ihò bí ojú abẹ́rẹ́. Òun ni ó ba oko tòmátì jẹ́ ní òkè Ọya ní ọdún 2016, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde ọ̀ràn pàjáwìrì, tí àwọn ènìyàn sì ń pè é ní Ebola tòmátì. Ní ọgbà kékeré, ọwọ́ ni oògùn rẹ̀: ẹ já gbogbo ewé tí ẹ bá rí ọ̀nà kòkòrò náà nínú rẹ̀, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ sá a sí oòrùn. Fún èyí tí ó bá kù, mo máa ń gún ewé dóńgóyárò tútù tó kílò kan, mo máa ń rẹ ẹ́ sínú lítà omi márùn-ún mọ́jú, mo máa ń sẹ́ ẹ, kí n fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé, kí n sì fín in ní ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ o, nítorí oòrùn a máa pa agbára rẹ̀.

Bí ẹ bá ń wá irúgbìn gidi, ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIHORT tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1975 wà ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ ẹ̀fọ́ àti èso ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Èyí tí mo rà ní ìgboro nígbà kan, ìdajì rẹ̀ kò hù rárá, ìdajì yòókù sì di nǹkan mìíràn.

Ìyá Ìbejì (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti fi ìwé àti gègé jókòó tì yín. Bí mo ti gbọ́ ọ yé nìyí: n óò ta ọ̀rá bo ojú ibi tí ṣọkọ wà ní Ṣẹ́rẹ́, n óò dá ebè oníkòtò méjì péré fún tẹ̀tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, tòmátì yóò dúró de oṣù Ògún, inú àpò ni yóò sì wà. Ewúro ti wà ní ilé àbúrò mi, n óò gé lára rẹ̀. Mo wo ìdí tòmátì méjì tí ó kù ní àná; ọ̀kan ti rọ, mo gé e, mo fi kan omi, nǹkan funfun náà sì jò wálẹ̀ bí òwú lóòótọ́. Àwọn ọmọ dúró wò ó títí, wọn kò fẹ́ kí n da omi náà nù.

Ohun kan ni ó kù. Bàbá, mo rí wọ́rọ́wọ́ rà ní ọjà, ṣùgbọ́n ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Ṣé mo lè fi ìyẹn gbìn, àbí ibo ni kí n ti rí èyí tí n óò gbìn? Nígbà wo sì ni?

Bàbá Olùkọ́ (Iléṣà)

Ọ̀mùnú yóò rà. Ẹ bẹ àwọn tí ń tà á pé kí wọ́n bá yín gé ìtàkùn rẹ̀ tí ó ti gbó díẹ̀ wá, èyí tí ó nípọn tó ìka ọwọ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìbú ọwọ́ méjì, kí ó sì ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ ré ewé rẹ̀ kúrò, àfi ọ̀kan lókè. Ẹ ri ojú méjì bọlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ẹ sì kó ewé obì tí ó ti rà bo ìdí rẹ̀. Ẹ dúró di ìgbà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìparí Igbe tàbí nínú Ẹ̀bìbí. Ẹ má já nǹkan kan lára rẹ̀ fún oṣù méjì àkọ́kọ́, bí ó ti wù kí ó máa wù yín tó. Bí ẹ bá ń kọjá lọ sí Iléṣà kí ìgbà náà tó dé, ẹ sọ níbí, kí n gé tèmi sílẹ̀ dè yín.